Obìnrin Tábìlì Kẹta

Iṣẹ́ Ẹlẹ́rìí kò ṣòro láti ṣàlàyé, bí ìyá ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ ní òun kò tíì gbà pé iṣẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ kan ń ta fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ààrò oníná. Bí ọjà bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á, onítọ̀hún á pe fóònù. Ẹnì kan á gba ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ sí àtúnṣe ọ̀fẹ́, á fọwọ́ sí i, á rán atúnṣe lọ, á sì pa ẹjọ́ náà dé nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo èyí ti ń wáyé. Ohun tí wọ́n gba Ẹlẹ́rìí fún ni pé kí ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá tẹ bọ́tìnnì: ẹjọ́ wo ni, kí ni wọ́n ṣe sí i, ta ló ṣe é, ìgbà wo ló ṣe é. Yóò wá kó àwọn ìlà náà jọ, yóò fi ya àwòrán ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà, kí àwọn ọ̀gá lè rí ibi tó ti ń yá àti ibi tó ti ń há.

Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́, ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní bí èèyàn bá sín lásán, á jẹ́rìí sí i. Orúkọ náà kò bí i nínú. Kódà ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó bá gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, nítorí ọkùnrin tí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní òjò àná pọ̀, á bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n. Ìyàwó náà, aránṣọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Òkè pátápátá ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, yàrá kótópó kan tó ní fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn tó ń kọ ìṣe wọn. Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Gbogbo wọn wà níwájú rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Tábìlì márùn-ún ló wà nínú yàrá náà, tábìlì kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀ nínú àwòrán. Ibi tí iṣẹ́ bá ti ń lọ geerege, ìlà á gún. Ibi tí ẹjọ́ tí wọ́n ti pa dé bá ti tún ń ṣí, tí iṣẹ́ ń lọ tó ń bọ̀, ìlà á lọ́ po bí ìfun.

Tábìlì kejì àti ìkarùn-ún lọ́ po bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn kì í tètè yá láàárọ̀, ẹjọ́ tó takókó ló sì máa ń kún iwájú wọn. Ṣùgbọ́n tábìlì kẹta! Ìlà rẹ̀ gún gbọọrọ. Ẹjọ́ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í padà wá. Kì í pẹ́ láàárọ̀, kì í dáwọ́ dúró lọ́sàn-án, kì í ṣàṣìṣe. Ẹlẹ́rìí máa ń fi í sílẹ̀ dé ìkẹyìn bí ó bá ń yẹ iṣẹ́ wò, bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sílẹ̀ dé ìparí oúnjẹ.

Orúkọ obìnrin náà wà nínú àkọsílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, orúkọ bàbá rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìí kò mọ ojú rẹ̀. Ó fọkàn yà á fúnra rẹ̀. Ó ní obìnrin gíga ni yóò jẹ́, onígíláàsì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, tó ń to bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ẹ wo ọkùnrin tó ní òun kì í gba ọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀rí o.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà di ohun tí wọ́n fi ń jẹun alẹ́.

"Ọkọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí níjọ́ kan, abẹ́rẹ́ há a lẹ́nu, "ta ni obìnrin tábìlì kẹta yìí gan-an?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ sì mọ ìgbà tó ń jẹun."

"Kì í jẹun. Ohun tí mo ń sọ fún ẹ nìyẹn. Kì í dìde lọ́sàn-án rárá."

Obìnrin náà yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ó dáa náà. Ẹ lọ fẹ́ ẹ. Èmi á bá a rán aṣọ ìyàwó. Ẹni tí kì í jẹun, owó oúnjẹ rẹ̀ ò ní ni yín lára." Ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó wo ọkọ rẹ̀ lójú. "Ẹ gbọ́ ná. Kì í jẹun, kì í pẹ́, kì í ṣàṣìṣe. Ṣé ó dá yín lójú pé èèyàn ni?"

Ẹlẹ́rìí ní òun ò mọ ohun tó ń wí. Ó kó àwo rẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́.

Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ náà jẹ́ ọkùnrin kan tó fẹ́ràn àwòrán ju àlàyé lọ. Nígbà tí Ẹlẹ́rìí gbé ìlà márààrún síwájú rẹ̀, kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ó fi ìka tọ́ tábìlì kẹta.

"Ta nìyí?"

"Òun ló dára jù níbẹ̀, sà. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ka wa. Bí gbogbo èèyàn bá ń ṣe bíi tirẹ̀, sà, ìdajì àwọn ẹjọ́ tó ń há yìí ò ní há."

Ẹlẹ́rìí fi ìtara sọ ọ́, ohun tó ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ìtara yẹn ló sì bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ọ̀gá Àgbà tọ́ tábìlì kejì àti ìkarùn-ún. Ó ní kí ni àwọn yìí ń jẹ níbẹ̀? Ó ní òun yóò sọ obìnrin náà di olùkọ́ fún gbogbo ẹ̀ka, òun yóò sì dá àwọn méjì tó lọ́ po yìí dúró níparí oṣù. Kí Ẹlẹ́rìí lọ mú obìnrin náà wá kí òun fojú rí i.

Bí Ẹlẹ́rìí ṣe sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, inú rẹ̀ ń dùn. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà.

Yàrá náà gùn, ó sì gbóná. Wáyà fóònù kọ́ra lórí ilẹ̀, ife tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan sì ti fi bébà dí ihò kan lójú fèrèsé. Èèyàn mẹ́rin ló bá níbẹ̀. Olórí yàrá ni obìnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Wẹ́rẹ́, nítorí kò sí ìṣòro tí kò ní pé wẹ́rẹ́ ni yóò yanjú. Ní tábìlì kejì ni ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é. Onírùngbọ̀n, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo táì rẹ̀, ló wà ní ìkarùn-ún. Ọkùnrin kan tó ń gba fóònù lọ́wọ́ wà ní ìkẹrin, kò sì gbójú sókè.

Kò sí ẹnì kankan ní tábìlì kẹta. Súẹ́tà kan wà lẹ́yìn àga.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà," ni Ẹlẹ́rìí kí Ìyá Wẹ́rẹ́. "Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Àǹtí tó jókòó síbí dà?"

"Ṣé Pẹ̀lẹ́ ni?" Ìyá Wẹ́rẹ́ dìde. "Pẹ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ni. Wẹ́rẹ́ ló máa dé. Lọ sókè, ọmọ mi, màá ní kó wá bá ẹ."

"Rárá, mà, màá dúró dè é. Ọ̀gá Àgbà fẹ́ rí i ni. Wọ́n fẹ́ gbé e ga."

Ó rò pé ariwo ayọ̀ ni yóò sọ. Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Wẹ́rẹ́. Ẹni tó ń gba fóònù pàápàá sọ fún ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ pé òun yóò pè é padà.

Ẹlẹ́rìí kò mọ ohun tí ì bá fi dídúró náà ṣe, ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Àkọsílẹ̀ yàrá náà máa ń wọlé sórí rẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ó ń wò ó lásán ni, àfi bí ìlà tuntun kan ṣe yọ: tábìlì kẹta, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń jò, ó ti pa ẹjọ́ náà dé, ìṣẹ́jú yìí gan-an.

Ó gbójú sókè. Àga náà ṣófo. Ó wo fóònù, ó tún wo àga. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rù ló ba ọmọbìnrin náà, ìka rẹ̀ sì ti parí ohun tó ń ṣe kí ọkàn rẹ̀ tó rántí pé àlejò wà.

"Ta ló ṣe èyí?" ni Ẹlẹ́rìí bèèrè.

Ìyá Wẹ́rẹ́ di apá rẹ̀ mú, ó fà á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń se tíì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Gbọ́ mi. Kíndìnrín Pẹ̀lẹ́ ti kọṣẹ́, méjèèjì. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni ilé iṣẹ́ ń sanwó ẹ̀rọ yẹn fún, ìsinmi àìsàn tirẹ̀ sì ti tán. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ẹ bá sọ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á yọ wáyà lára rẹ̀. Ṣé ó yé ẹ?"

"Láti ìgbà wo ni, mà?"

"Ìwọ lo ni ẹ̀rọ, lọ bi í." Ó mí kanlẹ̀. "A mọ páswọ́ọ̀dù ara wa tipẹ́. Bí ọmọ ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, bí mọ́tò bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn lọ́nà, a ó bá a tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dé. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn kí ìwọ tó dé. Ti Pẹ̀lẹ́ kàn pẹ́ ni. A ń pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ á ṣe tirẹ̀ kó tó ṣe ti ara rẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹni tí kò bá lọ jẹun á ṣe díẹ̀ sí i."

"Àwọn ẹjọ́ rẹ̀ kì í sì í padà wá."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa padà wá? Àwọn tó mọ́, tó rọrùn, la fi ń sí i lórúkọ. Èyí tí wàhálà bá ti ń rùn lára rẹ̀, Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ tàbí Onírùngbọ̀n á gbé e. Àwọn méjèèjì ló ṣì lágbára. Àbí kí n wá fi àṣìṣe kọ́ ọrùn ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Ẹlẹ́rìí fara ti ògiri. Obìnrin gíga onígíláàsì rẹ̀ fọ́nká lójú rẹ̀. Ohun tó ti ń wò láti oṣù wọ̀nyí wá kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan rárá. Ibi tó dára jù nínú iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin ni, tí wọ́n ń bù sí àwo ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àwọn tó sì ń bù ú jù ni Ọ̀gá Àgbà fẹ́ lé.

"Ẹ ti ba àkọsílẹ̀ mi jẹ́," ló wí.

Ẹ má bínú sí i. Ohun tó kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Wẹ́rẹ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kó lọ rí Pẹ̀lẹ́ ná, kó tó tún irú rẹ̀ sọ. Ẹlẹ́rìí wá sọ fún un pé Ọ̀gá Àgbà fẹ́ lé Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ àti Onírùngbọ̀n. Fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin náà kò rí wẹ́rẹ́ kankan sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n jọ lọ sí ọsibítù. Ẹlẹ́rìí ti sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé obìnrin náà kò sí ní ìjókòó, òótọ́ sì ni.

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ kò ga. Kúkúrú ni, ó ti sanra rí, awọ apá rẹ̀ sì ti wá tóbi ju apá lọ. Rọ́bà méjì jáde lára rẹ̀, wọ́n wọ inú ẹ̀rọ kan tó ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ń gba ọ̀kan lọ, ó ń gba èkejì bọ̀. Nọ́ńbà ń yí lójú ẹ̀rọ náà. Ẹlẹ́rìí ń wo nọ́ńbà, nítorí ìyẹn ló rọrùn fún un láti wò.

"Ẹlẹ́rìí rèé," ni Ìyá Wẹ́rẹ́ wí.

"Yéè! Ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀?" Ohùn obìnrin náà kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀. "Ọwọ́ ti tẹ̀ mí. Jókòó, àbúrò. Ṣé wọ́n ti yọ orúkọ mi ni?"

"Rárá, mà." Ó jókòó. "Ẹ̀yin lẹ dára jù nínú gbogbo òṣìṣẹ́, mà. Ní gbogbo ẹ̀ka wa. Ẹ kì í ṣàṣìṣe, ẹ kì í lọ jẹun. Ọ̀gá Àgbà fẹ́ sọ yín di olùkọ́."

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ wo Ìyá Wẹ́rẹ́. "Mo ní kí ẹ máa bá mi tẹ ọ̀kan, èjì."

"Ọwọ́ wa ni kò mọ̀wọ̀n," ni Ìyá Wẹ́rẹ́ dáhùn.

Ẹ̀rín gbé obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín títí rọ́bà ara rẹ̀ fi ń mì, tí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. "Nígbà tí mo wà níbẹ̀," ó ń fi ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ nu ojú, "ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá ẹjọ́ mi padà. Mo rán atúnṣe fíríìjì lọ tún ààrò ṣe rí. Ọkùnrin yẹn dúró lójú ààrò, ó ń wá yìnyín."

Ẹlẹ́rìí náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà náà ni Ìyá Wẹ́rẹ́ sọ ti Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ àti Onírùngbọ̀n fún Pẹ̀lẹ́, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀ pátá.

Ó wo rọ́bà méjì náà. Ẹ̀rọ ń kùn.

"Wọn ò gbọdọ̀ lé wọn nítorí mi," ló wí. "Bó bá jẹ́ èmi tàbí àwọn, kí wọ́n yọ mí." Ó wá yíjú sí Ẹlẹ́rìí. "Ṣùgbọ́n bó bá wà lọ́wọ́ ẹ láti rí ọ̀nà míì, àbúrò, jọ̀ọ́, wá a. Mi ò fẹ́ kú. Mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò bẹ̀rù."

Kò sí ẹni tó bá Ẹlẹ́rìí sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ó ní "Mo gbọ́, mà," ó sì dìde.

Ó ronú lé e lórí fún gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Kò lè pa ohunkóhun rẹ́ nínú àkọsílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é kó má ṣeé pa rẹ́ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ bèèrè ìdí, kó sì fi han àwọn ọ̀gá. Kò sì fẹ́ parọ́. Ó rò ó, ó tún un rò, ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé tíì wá fún un láìbi í ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ajé ó wọlé lọ bá Ọ̀gá Àgbà.

"Sà, àṣìṣe wà nínú bí mo ṣe ń kọ iṣẹ́ yàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ẹjọ́ lè má jẹ́ ti ẹni tó ṣe é. Àwọn tí ìlà wọn lọ́ po, àwọn ló ń gbé ẹjọ́ tó le jù. Bí a bá fi orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ya àwòrán, àwòrán á ṣì wá lọ́nà."

"Obìnrin tábìlì kẹta ńkọ́?"

"Kò sí ẹni tó dá ṣe iṣẹ́ yẹn, sà. Mo yìn ín kọjá ohun tí mo mọ̀."

Ojú Ọ̀gá Àgbà fà ro. Ó fẹ́ràn ìlà yẹn. "Kí ni ká wá ṣe?"

"Ká máa kọ yàrá, sà. Ká má kọ orúkọ. Ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn ló mọ ẹni tó ń ṣe kí ni, òun ni kó máa sọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Yàrá náà lápapọ̀ ńkọ́, ṣé ó dára?"

"Ó dára ju ti àwọn ẹ̀ka yòókù lọ, sà."

"Ó dáa. Yọ orúkọ." Ọ̀gá Àgbà ti ń wo nǹkan mìíràn.

Kò parọ́ kankan. Ó lọ yí i padà lọ́jọ́ náà. Ìlà márààrún wọ inú ara wọn, wọ́n di ìlà kan ṣoṣo tó nípọn. Bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn ni tábìlì kẹta pòórá lójú rẹ̀, ó sì dùn ún ju bó ṣe rò lọ.

Wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ ń sanwó ọsibítù lọ. Bí Ẹlẹ́rìí bá pàdé àwọn ará yàrá ìsàlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Onírùngbọ̀n á fọwọ́ gbá a léjìká, Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ á kúnlẹ̀ kí i bí ẹni kí bàbá rẹ̀.

Ó fẹ́ padà lọ wo Àǹtí Pẹ̀lẹ́. Lóòótọ́ ló fẹ́. Ó ra ọsàn nítorí rẹ̀ níjọ́ kan, ó gbé e dé ibùdókọ̀, ó dúró títí, ó wá gbé e relé, ìyàwó rẹ̀ jẹ ẹ́. Nígbà tí obìnrin náà jẹ́ ìlà, ó mọ bí a ti ń bá a gbé. Ó ń tijú ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kò mọ ohun tí òun yóò bá a sọ. Nítorí náà ó ń wo yàrá náà lójú ẹ̀rọ láràárọ̀. Bó ṣe ń lọ déédéé, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ara obìnrin náà ń yá.

Òjò kan rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kan. Lọ́sàn-án, ìlà yàrá ìsàlẹ̀ dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì tún mì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ wà láìnídìí, ó ń fẹ́ kí ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Ẹlẹ́rìí wo òjò lójú fèrèsé, ó ní bóyá òjò ló pa iná ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: Iná lọ. Ní ọjọ́ kejì, ìlà náà ń lọ bó ṣe ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Wẹ́rẹ́ gun òkè wá. Kò gun òkè wá rí. Ó ń mí gúlegúle, Ẹlẹ́rìí sáré fún un lága, ó bu omi fún un.

"Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ ni," ló wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà. "Gbogbo ọjọ́ tó fi wà lórí ẹ̀rọ yẹn, wọ́n san án. Kò sẹ́ni tó yọ wáyà lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sùn tí kò jí mọ́. Ó wà ní mímọ́, ó wà láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Ìwọ lo ṣe ìyẹn fún un, ọmọ mi, a ò ní gbàgbé."

Ẹlẹ́rìí ṣì di ife omi mú. "Nígbà wo, mà?"

"Báwo ni nígbà wo? Ọjọ́bọ̀ tó kọjá la sin ín. A ti yàrá pa lọ́sàn-án, gbogbo wa lọ nínú òjò yẹn." Ó nu ọrùn rẹ̀. "Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ń wẹ̀yìn ṣáá, bóyá a máa rí ẹ. Ó ní ká ti lọ sọ fún ẹ. Mo ní ta ló ń sọ nǹkan fún Ẹlẹ́rìí? Òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti rí i lójú ẹ̀rọ rẹ̀, àyè ni kò rí."

Ẹlẹ́rìí yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá Wẹ́rẹ́ wo ojú rẹ̀, ó dìde. Ó fọwọ́ kan án léjìká, ó di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú, ó rọra sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ẹlẹ́rìí jókòó. Ó ṣí Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ìlà náà nípọn dé ọ̀sán, àlàfo tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ méjì tó kọ sì wà láàárín rẹ̀. Ó pa wọ́n rẹ́. Ẹ̀rọ bi í pé kí ni ìdí tó fi fẹ́ yí i padà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò mọ̀ pé ó ti kú, ó sì bú sẹ́kún.